Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Báwo la ṣe ń gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí sílébù?

Lẹ́tà àti mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó wọlé lórí sípẹ́lì àti bí wọ́n ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ gan lóṣù yìí, Abuja àti Òkè Ọya lọ̀pọ̀ ẹ̀ sì ti wá. Mo wá kó àwọn tó jọra pọ̀, orí sílébù ni gbogbo wọn dá lé. Ẹni tí mi ò bá dá lóhùn níbí, kó ka ti ẹlòmíì, ó lè bá tiẹ̀ níbẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi kan wà ní praimárì 3. Wọ́n fún un lásáínmẹ́ǹtì pé kó gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, èmi ni mo ràn án lọ́wọ́. A gé make sí ma-ke, bread sí bre-ad, washed sí wash-ed, table sí ta-ble. Ta-ble nìkan ni wọ́n máàkì fún wa, wọ́n fa X sí gbogbo èyí tó kù. Mo kàwé o, inú sì bí mi. Ṣé wọ́n ti yí i padà ni àbí báwo? — Ìyá Ìbejì, Kubwa*

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Wọn ò yí nǹkan kan padà, tíṣà yẹn náà ò sì ṣìkà fún yín. Ojú lẹ fi ka àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, etí ló yẹ kẹ́ ẹ fi kà á. Sílébù ò sí nínú lẹ́tà tá a kọ sílẹ̀, inú ohùn tó jáde lẹ́nu ló wà, ibi gbogbo tẹ́nu bá ti là gbé fáwẹ̀lì kan jáde, sílébù kan nìyẹn.

Ní Yorùbá tiwa, ọ̀rọ̀ yìí kì í nira torí bá a ṣe ń pè é náà la ṣe ń kọ ọ́, sílébù kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohùn tiẹ̀, yálà dò, yálà re, yálà mí. Ẹ gbọ́ bí onídùndún ṣe ń pe Adébáyọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kọ̀ǹgọ́ á kan awọ, A-dé-bá-yọ̀. Pańla, mẹ́ta ni, pa-ń-la, torí ń àárín yẹn dá ohùn tiẹ̀ ní. Kò sí ọmọ tẹ́ ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní èyí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó wọ nọ́sírì.

Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kó lẹ́tà tí ò dún sáàárín èyí tó dún. Ẹ wo make, ojú rí a, ojú rí e, àmọ́ a nìkan letí gbọ́. E ìparí yẹn ò dún rárá, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí a iwájú dún bí orúkọ ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára hope kó ku hop, ẹ yọ ọ́ lára kite kó ku kit, ìró àárín ló máa yí padà, iye sílébù ò ní yí padà, ọ̀kan náà ni. Bread náà bẹ́ẹ̀, e àti a jókòó tira wọn níbẹ̀ àmọ́ ìró kan ṣoṣo ni wọ́n jọ gbé jáde.

Ibi tó ti wá ń dàrú mọ́ wa lójú ni pé èdè wa ò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì lẹ̀ mọ́ra, kò sì fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣe la máa ń há fáwẹ̀lì sí i. Bread tó jẹ́ sílébù kan lẹ́nu Òyìnbó á di bú-rẹ́-dì lẹ́nu wa, mẹ́ta. Brush á di bú-rọ́-ọ̀-ṣì, glass á di gí-lá-à-sì. Kò sí àbùkù níbẹ̀ tó bá jẹ́ Yorùbá là ń sọ, ṣùgbọ́n tọ́mọ bá fẹ́ ka sílébù Gẹ̀ẹ́sì, ti Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè dáadáa.

Ohun tí mo máa ń ní káwọn òbí ṣe rèé. Ẹ ní kọ́mọ na ọwọ́ pẹrẹsẹ, kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n, kó wá pe ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Iye ìgbà tí àgbọ̀n bá ti ọwọ́ yẹn wálẹ̀, iye sílébù nìyẹn. Ẹ fún un ní bread. Tó bá wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, búrẹ́dì ló pè. Ẹ ní kó pe b àti r papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá wá dórí d, kó fi ahọ́n tì í pa lẹ́yìn eyín òkè, kó dúró síbẹ̀, kó má fi ì kankan sí i. Á rí i pé ẹ̀ẹ̀kan ni àgbọ̀n wálẹ̀. Tó bá mọ̀ ọ́n ṣe tán, ẹ fún un ní strengths, lẹ́tà mẹ́sàn-án, sílébù kan. Kẹ́ ẹ wá fún un ní area, lẹ́tà mẹ́rin péré, sílébù mẹ́ta. Ibẹ̀ ló ti máa yé e pé kíka lẹ́tà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ti washed, ed ìparí ọ̀rọ̀ kì í dá sílébù ní àfi tí t tàbí d bá ṣáájú ẹ̀. Wanted, méjì. Needed, méjì, torí ẹnu ò lè pe d lé d láìlà láàárín. Àmọ́ washed, walked, cooked, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn, ed yẹn kàn máa ń dún bíi t ni. Díẹ̀ wà tó yàtọ̀, bíi wicked, naked, àti learned táwọn lọ́yà fi ń pe ara wọn ní kóòtù, ìyẹn jẹ́ méjì, lear-ned, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń sọ pé ẹnì kan kọ́ nǹkan, learned ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ta-ble tẹ́ ẹ gbà ńkọ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ mọ ìdí ẹ̀ kó má bàa jẹ́ pé ó kàn bọ́ sí i ni. Tí ọ̀rọ̀ bá parí pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì kan àti le, ẹ ka lẹ́tà mẹ́ta látẹ̀yìn, kẹ́ ẹ gé e níbẹ̀, ta-ble, can-dle, lit-tle, ap-ple. E yẹn ò dún níbẹ̀ náà, l ló dá sílébù gbé bí ń ṣe dá a gbé nínú pańla.

*Àǹtí mi, Kaduna la wà. Hausa làwọn ọmọ mi ń bá ọ̀rẹ́ wọn sọ látàárọ̀ dalẹ́, Yorùbá nílé, Gẹ̀ẹ́sì ní síkúù. Dádì wọn ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ń da sípẹ́lì wọn rú, wọ́n ní àwọn máa fòfin de Hausa. Ṣé òótọ́ ni? — Màmá Kaduna*

Rárá o. Ẹ bá mi bẹ Dádì kí wọ́n fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀. Hausa tí wọ́n ń sọ yẹn gan-an máa ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí Yorùbá ò dé. Ẹ gbọ́ albasa lẹ́nu mọ́là tó ń tà á lọ́jà, al-ba-sa, mẹ́ta. Tiwa ni à-lù-bọ́-sà, mẹ́rin. Albarka tiwọn, al-bar-ka, mẹ́ta, àlùbáríkà tiwa, à-lù-bá-rí-kà, márùn-ún. Hausa gbà kí kọ́ńsónáǹtì ti sílébù pa, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń ṣe nìyẹn nínú nap-kin, mar-ket, doc-tor. Ọmọ tó bá lè pe albarka bí onílé ṣe ń pè é, ẹnu ẹ̀ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, òfin tí wọ́n ń kọ́ wọn ní síkúù náà ló ń lò, pé tí kọ́ńsónáǹtì méjì bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, ká gé e sáàárín wọn.

Tó bá jẹ́ ọ̀kan ló wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gé e ṣáájú ẹ̀, ti-ger, mu-sic, pa-per, fáwẹ̀lì iwájú á jẹ́ orúkọ ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà ò bá wá dún bí ohun tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n gé e lẹ́yìn ẹ̀, lem-on, riv-er, cab-in. Sh, ch, th àti ph, kí wọ́n ka ìkọ̀ọ̀kan sí kọ́ńsónáǹtì kan, wọn ò gbọ́dọ̀ là á láàárín, fa-ther, ma-chine.

Ibi tí Hausa ò ti ní lè gbà wọ́n ni kọ́ńsónáǹtì méjì níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọn náà ò fẹ́ ẹ, burodi ni bread lọ́dọ̀ wọn. Ìyẹn, kẹ́ ẹ padà síbi ọwọ́ abẹ́ àgbọ̀n tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì.

*Ẹ káàsán mà. Tíṣà ni mí ní Nyanya, praimárì 5 ni mo ń kọ́. Nǹkan kan ń yà mí lẹ́nu. Àwọn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì pè jù nínú kíláàsì mi ló ń kọ Wensday, vegtable, goverment, seprate. Àwọn tó ń pe gbogbo lẹ́tà bó ṣe wà níbẹ̀, àwọn ló ń gba sípẹ́lì. Ṣé kí n dẹ́kun àti máa kọ́ wọn ní sílébù ni? — Tíṣà Nyanya*

Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ẹ má dẹ́kun rárá. Ìbéèrè yín ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tó wọlé, torí ojú ibi tó ti ń bàjẹ́ gan-an lẹ fọwọ́ kàn. Bẹ́nu ṣe ń gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti bó ṣe yẹ kọ́wọ́ gé e, kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kan wà fún pípè, ọ̀kan wà fún kíkọ, àwa tíṣà máa ń fi orúkọ kan ṣoṣo kọ́ wọn ní méjèèjì, a kì í sọ fún wọn pé méjì ni, ọmọ tí etí ẹ̀ mú á wá máa fi ti ẹnu kọ̀wé, ẹ̀ẹ́ máa rò pé kò gbọ́n, bẹ́ẹ̀ òun ló gbọ́ràn jù.

Ẹ mú Wednesday. Ẹnu gé e sí méjì, Wenz-day, ó sì tọ̀nà. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ gé e sí mẹ́ta, Wed-nes-day, torí ọjọ́ Woden ni, òrìṣà kan táwọn ará England ń bọ kí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì tó dé ọ̀dọ̀ wọn, orúkọ ẹ̀ ló ṣì wà nínú sípẹ́lì yẹn, ẹnu ti gbé d yẹn mì tipẹ́, ìwé ò gbé e mì. Vegetable, ẹnu gé e sí mẹ́ta, ọwọ́ sí mẹ́rin, veg-e-ta-ble. Business, méjì lẹ́nu, mẹ́ta lọ́wọ́, bus-i-ness. Chocolate náà bẹ́ẹ̀. Cupboard, ẹnu ò tiẹ̀ pe p inú ẹ̀ rárá, ọwọ́ ní láti rántí pé cup àti board ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ní kíláàsì, ẹ fa ìlà sáàárín bọ́ọ̀dù, ẹ kọ Ẹnu sápá òsì, Ọwọ́ sápá ọ̀tún. Kí gbogbo wọn kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí i, kẹ́ ẹ kọ iye àtẹ́wọ́ sábẹ́ Ẹnu. Ẹ wá yí sí Ọwọ́, kí wọ́n fi ohùn rara pè é ní ègé-ègé, Wed, nes, day, kí wọ́n máa kọ ègé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń pè é. Kẹ́ ẹ sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ohùn ìkọ̀wé nìyí o, orí bébà ló mọ, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e jáde lọ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń pe gbogbo lẹ́tà tẹ́ ẹ sọ yẹn, Ẹnu ni tiwọn kù sí, wọ́n á kọ́ tiwọn níbẹ̀, gbogbo kíláàsì á sì máa lọ pọ̀.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá gùn, ẹ má fi etí gé ti Ọwọ́ mọ́, ìtumọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gé e. Government, govern ni, a fi ment tì í lẹ́yìn, ọmọ tó bá mọ govern ò ní sọ n ẹ̀ nù láé. Environment náà, environ àti ment. Disappear, dis àti appear, s kan. Dissatisfied, dis àti satisfied, s méjì, ẹ ò ní láti há nǹkan kan sórí, ègé méjì lẹ kàn so pọ̀. Unnecessary, un àti necessary, n méjì. Misspell gan-an, mis àti spell. Mo rọ̀ yín kẹ́ ẹ lo àsìkò dáadáa níbí yìí, torí èyí ló máa tẹ̀ lé wọn dé sẹ́kọ́ńdírì, ti àtẹ́wọ́ yẹn á ti tán lójú wọn nígbà yẹn.

Seprate tí wọ́n ń kọ, ìdí ẹ̀ wà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, sílébù tí ohùn ò bá wúwo lórí ẹ̀, fáwẹ̀lì ibẹ̀ máa ń rọ ni, a o, e o, i o, gbogbo wọn á máa dún bákan náà, ìró kúkurú kan téèyàn ò lanu tán pè, schwa ni wọ́n ń pè é. A ìbẹ̀rẹ̀ about, e àárín taken, o àárín lemon, a ìparí sofa, etí ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Fáwẹ̀lì àìránmúpè wa méje, kò sí èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn, ibi gbogbo tẹ́ ẹ bá ti rí a, a náà ni. Nígbà míì schwa yẹn tiẹ̀ máa ń pòórá pátápátá, bíi ti a àárín separate. Torí náà ẹ fún fáwẹ̀lì tó rọ ní ohùn líle ní apá Ọwọ́, sep-A-rate, def-I-nite, gram-mAr, kí ọwọ́ lè gbọ́ ohun tẹ́nu gbé mì.

Ohun kan tún wà tí sílébù máa bá yín yanjú, ìgbà tí kọ́ńsónáǹtì ń di méjì. Hop-ping, p kan ti sílébù àkọ́kọ́ pa, fáwẹ̀lì ẹ̀ kúrú. Ho-ping, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀, fáwẹ̀lì jẹ́ orúkọ ẹ̀. Din-ner àti di-ner, lat-ter àti la-ter. Ẹ kọ wọ́n ní méjì-méjì sí bọ́ọ̀dù, ẹ pè wọ́n léra, àwọn ọmọ á rí i fúnra wọn.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Sabon Gari, Kano, ni mo ti ń tajà. Díṣọ́nárì orí fóònù mi máa ń fi àmì tó sáàárín ọ̀rọ̀. Ó gé knowledge sí knowl-edge, ìwé kan tá a rà fọ́mọ gé e sí know-ledge. About ò tiẹ̀ ní àmì kankan, ṣé sílébù kan ni? — Bàbá Àdúkẹ́*

Bàbá Àdúkẹ́, about jẹ́ méjì, a-bout. Àmì tẹ́ ẹ rí yẹn, àwọn tó ń tẹ̀wé ló wà fún, ó ń sọ ibi tí wọ́n ti lè gé ọ̀rọ̀ tí ìlà bá kún. Wọn kì í fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀ níparí ìlà, ìdí nìyẹn tí about àti again ò fi ní àmì. Bí wọ́n ṣe ń pè é wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, láàárín ìlà dídàgẹ̀ méjì (/ /) lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa wò fún sílébù.

Ti knowledge, Amẹ́ríkà ló ni ọ̀kan, Britain ló ni èkejì. Amẹ́ríkà máa ń tẹ̀ lé bó ṣe dún, Britain máa ń wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀, know wà nínú ẹ̀ ni wọn ò ṣe fẹ́ là á. Noah Webster wà lára àwọn tó fa ìyàtọ̀ yìí, ará Amẹ́ríkà ni, ọdún 1783 ló gbé ìwé sípẹ́lì ẹ̀ jáde. Ìwé tí wọ́n ń kó wá láti England nígbà yẹn máa ń ní kọ́mọ gé e báyìí, ha-bit, bi-shop, clu-ster. Webster ní rárá, ibi tí etí bá ti gbọ́ ọ ni ká gé e, hab-it, bish-op, clus-ter. Èmi fara mọ́ tiẹ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Àmọ́ èyí tí síkúù ọmọ yín bá ń lò ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má fi méjèèjì dà á láàmú.

*Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń múra JAMB lọ́wọ́, Lugbe ni mò ń gbé. Stress, ìyẹn sílébù tí ohùn ti wúwo nínú ọ̀rọ̀, ló ń dà mí láàmú. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á wá fi lẹ́tà ńlá kọ sílébù kan nínú ìkọ̀ọ̀kan, pé kí n mú èyí tó tọ̀nà. Gbogbo ẹ̀ dún bákan náà létí mi. — Ọmọ Lugbe*

Àbúrò, Use of English nìkan ní ìbéèrè 60 nínú 180 tí wàá dáhùn, torí náà kò yẹ kó o fi ti stress ṣòfò. Ìdí tó fi dún bákan náà ni pé à ń fún gbogbo sílébù Gẹ̀ẹ́sì ní ohùn tó dọ́gba. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ọ̀kan wúwo, kí èyí tó kù fúyẹ́.

Yorùbá tó o gbọ́ máa ràn ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn bàbá wa tó kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé, etí wọn gbọ́ ibi tó ti wúwo, wọ́n sì fi mí síbẹ̀. Pe kọ̀ǹpútà. Ibo ni mí wà? Orí pú. Com-PU-ter. Pe tíṣà, iwájú ni mí wà, TEA-cher. Dókítà náà, DOC-tor, í tó tẹ̀ lé e yẹn àwa la há a síbẹ̀, ohùn dó náà ló gbà. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò ló rí báyìí o, àmọ́ ọgbọ́n ẹ̀ ni kó o mú. Kọ́kọ́ gé ọ̀rọ̀ inú ìdánwò yẹn sí sílébù, kó o wá fi mí sórí ọ̀kan, kó o fi dò sórí gbogbo èyí tó kù, kó o dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kàn. Kò ní dún bákan náà mọ́.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà máa ń sọ nǹkan fún ẹ. Tó bá parí sí tion, sílébù tó ṣáájú ẹ̀ ló wúwo, ed-u-CA-tion. Ic àti ity náà bẹ́ẹ̀, ec-o-NOM-ic, e-lec-TRIC-i-ty. Èyí ló ń jẹ́ kí stress máa rìn nínú ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà, PHO-to-graph, pho-TOG-ra-phy, pho-to-GRAPH-ic, wọ́n fẹ́ràn àti máa fi irú ẹ̀ dán èèyàn wò. Ee àti eer máa ń gbé e fúnra wọn, em-ploy-EE, en-gi-NEER. Ọ̀rọ̀ onísílébù méjì kan wà tó jẹ́ pé tó bá jẹ́ orúkọ, iwájú ló wúwo, tó bá jẹ́ ìṣe, ẹ̀yìn ni, REC-ord àti re-CORD, EX-port àti ex-PORT. Report ò sí lára wọn, re-PORT ni méjèèjì.

Àwọn tí gbogbo wa ń gbé sódì ní Nàìjíríà, kọ wọ́n sójú kan kó o máa pè wọ́n jáde ketekete láràárọ̀: MAIN-te-nance, CHAL-lenge, BIS-cuit, SUB-se-quent. Òfin ic tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan ò tẹ̀ lé e, AR-a-bic, CATH-o-lic, POL-i-tics. Tí òmíràn bá ṣì ń dà ẹ́ láàmú, kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an ránṣẹ́ sí wa kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.